Bẹ́ ẹ ṣe lè ṣírò methane tó ń jáde nínú ààrò búrẹ́dì yín, kẹ́ ẹ sì dín in kù

Tí wọ́n bá ti ní ilé iṣẹ́ ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, ilé iṣẹ́ irin ló máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ wa ní Òṣogbo ńbí, a kì í rántí ààrò búrẹ́dì tó wà lẹ́yìnkùlé. Bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìṣirò tí IPCC, ìyẹn ìgbìmọ̀ àjọ UN lórí ojú ọjọ́, gbé jáde lọ́dún 2006, tí àwọn ìjọba fi ń ka èéfín orílẹ̀-èdè wọn, abẹ́ ilé iṣẹ́ ni ilé búrẹ́dì wà, òun àti ẹbu epo àtàwọn tó ń se aró àdìrẹ fún títà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi igi dáná ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Methane jẹ́ gáàsì tó ń mú ayé gbóná, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Kílò kan rẹ̀, tá a bá fi 100 ọdún wò ó, ooru tó máa dá sáyé tó ti kílò 28 kábọ́ọ̀nù dayọ́kísáìdì. Àmọ́ kì í pẹ́ lójú ọ̀run, nǹkan bí ọdún 12 ni, torí náà èyí tá a bá dín kù lónìí, àwa náà á jẹ àǹfààní ẹ̀ kí àwọn ọmọ wa tó jẹ ẹ́. Nàìjíríà náà wà lára àwọn tó fọwọ́ sí àdéhùn ọdún 2021 pé kí gbogbo ayé lápapọ̀ fi 30% dín methane kù tó bá fi máa di 2030.

Ibo ló ti ń wá? Tí igi bá gbóná, gáàsì ló kọ́kọ́ ń tú jáde lára ẹ̀, tí afẹ́fẹ́ àti ooru bá tó, gáàsì yẹn á jó tán, tí wọn ò bá tó, lára ẹ̀ á bá ihò èéfín lọ gẹ́gẹ́ bíi methane, pẹ̀lú carbon monoxide tó ń pa èèyàn. Èéfín kíki tẹ́ ẹ ń rí yẹn, igi tẹ́ ẹ fowó rà tí ò jó ni.

Ohun àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ wọn igi yín, ẹ má fojú díwọ̀n rárá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ní ilé búrẹ́dì lápá Òkè-Báálẹ̀, nígbà tí mo bi wọ́n pé igi mélòó ni wọ́n ń lò, wọ́n ní "pick-up kan, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan". Mo ní ẹ̀gbọ́n, pick-up kì í ṣe òṣùwọ̀n o, igi tútù á kún un, igi gbígbẹ náà á kún un, ìwọ̀n wọn ò sì dọ́gba. La bá lọ yá síkéèlì tí wọ́n ń gbé kọ́, gbogbo ìdì igi tó wọ ààrò fún ọjọ́ méje la wọ̀n tá a sì kọ sínú ìwé, pẹ̀lú iye àpò fúláwà tí wọ́n pò lọ́jọ́ náà. Ẹ ṣe ọ̀sẹ̀ kan nígbà òjò, kẹ́ ẹ ṣe òmíì nígbà ọyẹ́.

Ìṣirò ló kàn. Tọ́ọ̀nù kan (1,000 kílò) igi tó ti gbẹ ń mú ooru bíi gigajoule 15.6 wá (òṣùwọ̀n ooru ni gigajoule). Ìwé IPCC ní kílò 30 methane ló ń jáde lórí terajoule kọ̀ọ̀kan nílé iṣẹ́, ìyẹn gigajoule 1,000. Tẹ́ ẹ bá wá ṣe é, gíráàmù 468 ni fún tọ́ọ̀nù igi kan. Ká ní tọ́ọ̀nù kan lẹ̀ ń jó lọ́sẹ̀, 52 lọ́dún, ó di kílò 24.3, ẹ fi 28 ṣe ìlọ́po ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 681 kábọ́ọ̀nù dayọ́kísáìdì.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sinmi, torí ibí yìí gan-an ló ń dùn mí. Kílò 30 yẹn, ìwé kan náà sọ pé ó lè wà láàárín 10 sí 100, ó sì kọ 300 fún iná igi tí wọ́n fi ń dáná nínú ilé. Ààrò alámọ̀ tiwa yìí, èwo ni ká pè é? Èmi ní tèmi, tí èéfín bá ń gba ẹnu ààrò jáde dípò kó gba ihò èéfín, 300 lààrò yẹn sún mọ́. Ẹ ṣírò méjèèjì, kílò 24 àti kílò 243 methane lọ́dún, kẹ́ ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, ìyẹn dáa ju kẹ́ ẹ mú èyí tó wù yín.

Èédú ńkọ́? Tọ́ọ̀nù kan ń tú kílò 5.9 methane jáde, ó ju ìlọ́po 12 ti igi lọ, bẹ́ẹ̀ ooru ẹ̀ ò tó ìlọ́po méjì ti igi, a ò sì tíì ka èyí tó ti bá afẹ́fẹ́ lọ nínú igbó níbi tí wọ́n ti sun ún. Kẹ́nikẹ́ni má sọ fún yín pé ó mọ́ torí pé kò léèéfín. Dísù kéré sí i gan-an, nǹkan bíi gíráàmù 108 fún lítà 1,000, ṣùgbọ́n lítà 1,000 yẹn náà á tú tọ́ọ̀nù 2.7 kábọ́ọ̀nù dayọ́kísáìdì jáde, torí náà mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó torí methane sá lọ sídìí dísù. Gáàsì inú sílíńdà ìdáná kì í ṣe methane o, propane àti butane ni.

Ó wá ku bẹ́ ẹ ṣe máa dín in kù, gbígbẹ igi ló sì ṣe kókó jù. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, bí ìdajì ìwọ̀n ẹ̀ lè jẹ́ omi, iná á kọ́kọ́ máa gbẹ omi yẹn ná, á tutù, á sì máa rú èéfín. Ẹ ra igi nígbà ọyẹ́, ẹ là á wẹ́wẹ́, ẹ tò ó sórí búlọ́ọ̀kù kó má fara kan ilẹ̀, ẹ fi páànù bo orí ẹ̀, kẹ́ ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá. Àwọn kan á fi tapólì wé gbogbo ẹ̀ délẹ̀, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ jọ̀ọ́, ńṣe lomi máa há síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ la èyí tó wọn kílò kan láti àárín ìtì igi, tẹ́ ẹ bá ti kó búrẹ́dì jáde tí ààrò ti rọlẹ̀ ẹ gbé e síbẹ̀ mọ́jú, ẹ wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ títí tí ìwọ̀n ẹ̀ ò fi lọ sílẹ̀ mọ́. Tó bá dúró sí gíráàmù 800, ó ti ṣe é jó, tó bá dúró sí 600, omi ṣì pọ̀ nínú ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má ki igi kún ẹnu ààrò, díẹ̀ díẹ̀ ni, kí ọwọ́ iná máa jó fòò. Ẹ kó eérú, ẹ ha ihò èéfín. Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í rò sí ni igi tí wọ́n máa ń fi eérú bò mọ́jú kí iná má kú, irú iná tó ń jó wúyẹ́wúyẹ́ láìrí afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń ṣe methane, ó sàn kẹ́ ẹ jẹ́ kó kú kẹ́ ẹ tún un dá láàárọ̀.

Tó bá pé oṣù kan, ẹ tún gbé síkéèlì jáde fún ọjọ́ méje. Kílò igi fún àpò fúláwà kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ wò, torí ọjọ́ ọjà àti ọjọ́ ọdún ò rí bákan náà, ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀ nínú ìwé yẹn.