Bí mo ṣe ṣí ilé ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ tèmi ní Ìjẹ̀bú-Òde

Gbogbo ẹni tó bi mí nípa ilé ìtọ́jú yìí ló rò pé owó ló máa dá mi dúró. Owó le lóòótọ́, ṣùgbọ́n àjọ tí mo ti ń dá àti ohun tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yá mi gbé mi dé ibì kan. Ilé ni mi ò rí. Onílé yòówù kí n bá sọ̀rọ̀, tó bá ti gbọ́ pé dókítà ọpọlọ ni mí, ilé á dédé di èyí tí àbúrò rẹ̀ ti fẹ́ gbà. Ọ̀kan ní Mọ́lípa ti gba owó lọ́wọ́ mi tán kó tó rántí béèrè iṣẹ́ mi. Ó ka owó náà padà lójú ẹsẹ̀. “Dókítà, ẹ má bínú. Àwọn ọmọ mi ń bọ̀ láti Èkó fún Ojúde Ọba, mi ò fẹ́ kí wọ́n wá bá wèrè lẹ́nu ọ̀nà.”

Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tìtorí àìsàn ọpọlọ fi ilé du ọmọnìkejì rẹ̀. Òfin tó dáa ni. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ wọ́ onílé lọ sí kóòtù nítorí yàrá méjì? Èmi kọ́ o.

Ìyá aránṣọ kan lẹ́yìn Fọlágbádé ló wá gbà mí. Mo sọ iṣẹ́ mi fún un láìfi bò. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní: “Ṣé owó ọdún méjì lẹ máa san papọ̀?” Mo san án.

Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là. Ṣọ́ọ̀bù ìyá ló wà níwájú, tèmi wà lẹ́yìn, ẹnu ọ̀nà kan náà la jọ ń gbà. Ẹni tó bá wọlé, ta ló mọ̀ bóyá aṣọ ló fẹ́ rán? Ní Ìjẹ̀bú yìí, tí ẹgbẹ́ ò ti yéé dá aṣọ, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ pé kí lò ń ṣe nílé aránṣọ. Obìnrin kan wà (mo ti yí díẹ̀ padà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀), oníṣòwò pàtàkì ni, àìróorunsùn àti ìbànújẹ́ ló gbé e wá. Nígbàkígbà tó bá ń bọ̀, ó máa ń ká ànkárá sínú náílọ̀n dání. Ànkárá kan náà ni. Kò tíì dé orí ẹ̀rọ rí títí di òní.

Ìwé ìjọba kò nira bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ, ó kàn gba sùúrù. Mo forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, mo tún ìwé àṣẹ iṣẹ́ ìṣègùn mi ṣe fún ọdún náà, mo sì kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀ kí wọ́n wá yẹ ibẹ̀ wò. Kí ẹ ti ra àpótí tí ẹ ó máa ju abẹ́rẹ́ tí ẹ bá lò tán sí àti kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ fún fáìlì sílẹ̀ kí wọ́n tó dé.

Mi ò ra bẹ́ẹ̀dì kankan. Ẹni tó bá ń dá àwọn èèyàn dúró sùn ní láti ní nọ́ọ̀sì tọ̀sán-tòru àti jẹnẹrétọ̀ tí kì í sinmi, agbára mi ò sì gbé e. Àwọn kan ní báwo ni n ó ṣe tọ́jú aṣiwèrè láìdá a dúró. Mo rán wọn létí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Àró, Abẹ́òkúta, ní 1954. Àwọn aláìsàn rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ èèyàn wọn ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ojú ọ̀sán ni wọ́n ń wá gba ìtọ́jú. Ẹni tí tiẹ̀ bá le ju ti ojú ọ̀sán lọ, Àró yẹn náà ni mo ń kọ̀wé rán an lọ.

Iṣẹ́ tó gùn jù ni ti àwọn wòlíì àti ààfáà, torí ọ̀dọ̀ wọn ni ẹbí ń kọ́kọ́ gbé aláìsàn lọ. Mo lọ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wòlíì kan wò mí títí, ó ní, “Dókítà, ṣé ọmọ ìjọ mi lẹ fẹ́ gbà ni?” Mo ní, “Rárá, Bàbá. Àdúrà ni tiyín, oògùn ni tèmi. Ẹ kàn bá mi tú ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ wọn, ẹni tó bá sì ń lo oògùn, kó má gbààwẹ̀.” Kò dá mi lóhùn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ó mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá fúnra rẹ̀.

Wàhálà tó kù ni pé ara yíyá ló ń lé àwọn oníbàárà mi lọ. Ẹbí á wá tìlù-tìfọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tí aláìsàn bá ti sùn, tó jẹun, “kí la tún ń wá lọ?” Bí wọ́n bá dá oògùn dúró, ó lè padà bẹ̀rẹ̀. Mo wá jẹ́ kí owó àbẹ̀wò ìpadàbọ̀ kéré gan-an sí ti àkọ́kọ́. Àwọn oògùn tí wọ́n ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, bíi haloperidol tí a fi ń tọ́jú wèrè, ni mo sì máa ń kọ́kọ́ rò, torí wọn kì í wọ́n bí àwọn tuntun. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló ń pe àwọn tó bá pa wá tì. Àárọ̀ la fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń ti Ìjẹ̀bú-Igbó àti Agọ́-Ìwòyè bọ̀, kí wọ́n lè tètè rí ọkọ̀ padà.