Bí A Ṣe Ń Dín Ègérún Kù Nínú Oògùn Abẹ́rẹ́ Láti Ilé Iṣẹ́

Oògùn abẹ́rẹ́ tí a fà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ tààrà, bẹ́ẹ̀ òpójẹ̀ tó tín-ín-rín jù lọ lára ènìyàn kò fẹ̀ ju nǹkan bíi máíkírómítà 5 sí 10 lọ (máíkírómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà). Nítorí náà, ègérún gíláàsì, rọ́bà tàbí fọ́nrán òwú kì í ṣe ohun tí a ń fojú kéré.

Ẹ kọ́kọ́ wá orísun rẹ̀. Ẹ mú ègérún inú ìgò tí a kọ̀, ẹ fi máíkírósíkóòpù wò ó, kí ẹ sì kọ irú rẹ̀ sílẹ̀: òwú sábà máa ń ti ara aṣọ òṣìṣẹ́ tàbí páálí wá, irin ń ti ara ẹ̀rọ tí apá rẹ̀ ń ha ara wọn, gíláàsì sì ń ti ara ìgò tó ń kọlu ìgò. Ẹni tó fo ìgbésẹ̀ yìí lè tún ibi tí kò bàjẹ́ ṣe.

Lẹ́yìn náà, ẹ tú páálí síta, kí ó má ṣe wọ yàrá mímọ́, ìyẹn yàrá tí a ti ń sẹ́ afẹ́fẹ́ kí ègérún má baà wọ inú oògùn, rárá. Ẹ fi omi àfọ̀mọ́ tí a ṣe fún abẹ́rẹ́ fọ ìgò, kí ẹ fi afẹ́fẹ́ tí a ti sẹ́ fẹ́ inú rẹ̀, kí ó tó gba inú ẹ̀rọ agbóná kọjá. Ìdérí rọ́bà náà ń fẹ́ fífọ̀, ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbọ̀n ọ́n jù, nítorí pé ìfarakanra ń bó o. Òróró sílíkónì tí a fi ń mú un yọ̀ kò sì gbọdọ̀ pọ̀, torí ẹ̀kán rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń di ègérún nínú oògùn.

Níbi ìrọsínú ìgò, afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ ní ju ègérún 3,520 tó tó máíkírómítà 0.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú mítà kúbíìkì kan, kí òṣìṣẹ́ sì máa rìn jẹ́jẹ́. Asẹ́ máíkírómítà 0.22 ń sẹ́ oògùn náà, àmọ́ kò lè dá ohun tó wà nínú ìgò tàbí lára ìdérí dúró, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń wọlé. Ìdí nìyí tí mo fi ka fífọ̀ sí ju asẹ́ lọ.

Níkẹyìn, ẹ yẹ ìgò kọ̀ọ̀kan wò lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ lux (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀) 2,000 sí 3,750, ìṣẹ́jú-àáyá 5 níwájú aṣọ funfun àti 5 níwájú dúdú, kí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò sì máa sinmi ojú. Bí iye ìgò tí a kọ̀ bá ṣàdédé pọ̀, ẹ dá gbogbo ìgò tí a ṣe pọ̀ nígbà kan náà dúró, kí ẹ sì padà sídìí máíkírósíkóòpù.