Ìsọ̀rí mélòó ló wà nínú dátà yìí? Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Ẹni tó bá ń lo mixture model, ìyẹn ọ̀nà ìṣirò tó ń pín dátà sí ìsọ̀rí bíi mélòó kan, kì í pẹ́ kó tó kan ìbéèrè yìí: ìsọ̀rí mélòó ni kí n ní kó wá? Ọ̀pọ̀ máa ń ti ìbéèrè náà sí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, wọ́n á sì gba iye tó bá jáde bí ẹni pé inú dátà ni wọ́n ti kà á. Bẹ́ẹ̀ rèé, ìrísí tí a gbà pé ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní wà lára ohun tó bí iye yẹn.

Èyí tó ń tan èèyàn jẹ jù ni kéèyàn gbà pé agogo Gaussian kan (ìrísí gíráàfù tó ga láàárín, tó sì ń lọ sílẹ̀ bákan náà lápá méjèèjì) ni ìsọ̀rí kan. Mú ẹgbẹ̀rún kan nọ́ńbà tó ti orísun kan ṣoṣo wá, ṣùgbọ́n tí ìrù rẹ̀ gùn lọ sápá ọ̀tún, irú èyí tí wọ́n ń pè ní lognormal. Tí ìrù náà bá gùn dáadáa, mọ́dẹ́ẹ̀lì Gaussian ò ní sọ fún ọ pé ọ̀kan ni. Á fi agogo tẹ́ẹ́rẹ́ kan bo òkìtì tó wà lápá òsì, á fi òmíràn tó fẹ̀ bo ìrù, ó tún lè wá ẹ̀kẹta kún un. Bí dátà bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni agogo á máa pọ̀ sí i. Wá mú logarithm àwọn nọ́ńbà yẹn gan-an, kó o tún un ṣe: ọ̀kan ló máa bọ́ sí. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1894, Karl Pearson, onímọ̀ ìṣirò dátà, fi agogo méjì ṣàlàyé ìwọ̀n ẹgbẹ̀rún kan akàn tí Weldon, onímọ̀ ẹranko, kó ní Naples ní Italy. Agogo méjì bá dátà náà mu lóòótọ́, àmọ́ ìyẹn nìkan ò fi hàn pé irú akàn méjì ló wà níbẹ̀.

Má sì wá lọ máa ka òkè orí gíráàfù dípò rẹ̀. Agogo méjì tí ìpín wọn nínú dátà àti variance wọn (òṣùwọ̀n bí wọ́n ṣe fẹ̀ tó) dọ́gba, tí àárín wọn ò jìnnà síra ju standard deviation (square root variance) méjì lọ, òkè kan ṣoṣo ni wọ́n máa yọ.

Má fi likelihood, ìyẹn òṣùwọ̀n bí mọ́dẹ́ẹ̀lì ṣe bá dátà mu tó, nìkan yan iye ìsọ̀rí. Bó o bá ṣe ń fi ìsọ̀rí kún un ló ń ga sí i. Tí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan bá sì ní variance tirẹ̀, ọ̀kan nínú wọn lè jókòó lé nọ́ńbà kan ṣoṣo lórí, kí variance rẹ̀ máa sún mọ́ òdo, kí likelihood sì máa gòkè láìlópin. scikit-learn, àkójọ irinṣẹ́ Python kan, máa ń fi 0.000001 kún variance kí iṣẹ́ má bàa dàrú, ṣùgbọ́n ìyẹn ò sọ ìsọ̀rí òfegè di òótọ́. Yẹ ìpín àti variance kọ̀ọ̀kan wò kó o tó gbà á.

EM, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń wá likelihood tó ga díẹ̀díẹ̀, náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. Òkè likelihood tó bá sún mọ́ ibi tó ti gbéra ló ń gùn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni scikit-learn máa ń gbéra tí o ò bá yí n_init (iye ìgbà tó máa gbéra) padà. Tí likelihood ìsọ̀rí mẹ́rin bá kéré sí ti mẹ́ta lórí dátà kan náà, má sọ pé mẹ́ta ló borí o. EM ló há síbì kan.

Àwọn kan á ní àwọn á fi tábìlì chi-square, èyí tí wọ́n fi ń dán ìyàtọ̀ likelihood mọ́dẹ́ẹ̀lì méjì wò, fi mẹ́ta wé mẹ́rin. Tábìlì yẹn ò ṣiṣẹ́ níbí: tó bá jẹ́ mẹ́ta ni lóòótọ́, ìpín ẹ̀kẹrin á jẹ́ òdo, àárín rẹ̀ sì lè wà níbikíbi. Bootstrap ni kó o lò: fi mọ́dẹ́ẹ̀lì ìsọ̀rí mẹ́ta ṣe ọ̀pọ̀ dátà àfarawé, kó o wo bí ìyàtọ̀ likelihood ṣe ń rí nínú wọn.

Ní ti BIC, òṣùwọ̀n tó ń wo likelihood àmọ́ tó ń fìyà jẹ mọ́dẹ́ẹ̀lì tó bá ń gba nọ́ńbà púpọ̀, tí Schwarz gbé jáde ní 1978, kọ́kọ́ mọ ibi tó dojú kọ. Nínú mclust, irinṣẹ́ inú èdè R, èyí tó tóbi jù là ń mú. Nínú scikit-learn, èyí tó kéré jù ni. Ẹni tó bá ti ibì kan bọ́ sí ìkejì láìwo ìyẹn á yan èyí tó burú jù. Kọ irú covariance (bí àwọn òpó dátà ṣe ń yí pa pọ̀) tó o lò sílẹ̀ pẹ̀lú. Lórí òpó dátà 10, Gaussian kan tí covariance rẹ̀ jẹ́ full (gbogbo òpó lè ní ìbáṣepọ̀) ń gba nọ́ńbà 65, diag (òpó kọ̀ọ̀kan dá dúró) ń gba 20 péré. Ìyà tí BIC máa fi jẹ ìsọ̀rí kan sí i ò lè dọ́gba. Tí mẹ́ta àti mẹ́rin ò bá sì fi 2 jura wọn lọ nínú BIC, gbé méjèèjì jáde, kó o fi àwọn tó kúrò nínú ìsọ̀rí kan bọ́ sí òmíràn hàn.