Bí a ṣe ń gba owó ọkọ̀ ayálò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì nígbà tí ọkọ̀ ẹni bá wà ní ṣọ́ọ̀bù

Ẹni tó ń gbé Ṣàgámù tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù pánẹ́ẹ̀lì-bítà, ọ̀nà méjì ni owó ń gbà jáde: owó àtúnṣe, àti owó ọkọ̀ tí a ó máa gùn kí tiwa tó jáde. Owó àtúnṣe nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń béèrè. Èkejì ṣeé gbà, bí ó bá wà nínú ìwé yín.

Ẹ kọ́kọ́ wo irú ìnṣọ́ránsì tí ẹ ní. Third party, tó di ₦15,000 lọ́dún fún ọkọ̀ àdáni ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, kò ní tún ọkọ̀ yín ṣe, kò sì ní háyà òmíràn fún yín. Ẹni tí ẹ bá ṣèèṣì kọlù ló wà fún. Comprehensive ló ń tún ọkọ̀ tiyín ṣe. NAICOM, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìnṣọ́ránsì, ní owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n fi ọkọ̀ náà sí, nítorí náà ọkọ̀ ₦6,000,000 yóò san ₦300,000, ó kéré tán. Síbẹ̀, ẹ má rò pé iye yẹn ti kó ọkọ̀ ayálò mọ́ra. Ẹ wá “courtesy car” (ọkọ̀ tí wọ́n ń fún ni lò) tàbí “loss of use” (owó nítorí pé ẹ kò lè lo ọkọ̀ yín) nínú ìwé náà. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ ní kí bùrókà yín, ẹni tó bá yín ra ìnṣọ́ránsì náà, fi kún un nígbà tí ẹ bá ń tún un san, kí ẹ sì gba ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti fi kún un. Ọ̀rọ̀ ẹnu bùrókà kò tó.

Bí ẹ bá ti rí i, ohun mẹ́ta ni kí ẹ kà dáadáa: iye owó fún ọjọ́ kan, iye ọjọ́, àti ọjọ́ tí kíkà ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn jù nìyí. Ẹ jẹ́ ká ní ìwé yín fún yín ní ₦25,000 lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ wá háyà ọkọ̀ ₦40,000 lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦560,000. Ilé-iṣẹ́ yóò san ₦250,000, ẹ̀yin yóò san ₦310,000. Ká ní ọkọ̀ ₦25,000 lẹ háyà ni, ₦100,000 péré ni ìbá kàn yín. Owó epo àti owó awakọ̀ kì í sábà wà nínú rẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayálò lọ́dọ̀ wa ló ń wá pẹ̀lú awakọ̀. Ẹ̀ńjìnì tó nọ́ọ̀kì tàbí gíà tó bàjẹ́ fúnra rẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Jàǹbá tí ìwé yín mọ̀ nìkan ló kàn.

Lọ́jọ́ jàǹbá, ẹ ya fọ́tò kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ kúrò. Bí ó bá jẹ́ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tàbí Ṣàgámù sí Ọrẹ, ẹ pe 122, nọ́ńbà ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ tó ilé-iṣẹ́ yín létí ní kíkọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má jẹ́ kí pánẹ́ẹ̀lì-bítà tú ohunkóhun kí ẹni tí wọ́n rán tó wá wò ó, nítorí ohun tí kò bá fojú rí, kì í fẹ́ sanwó rẹ̀.

Ẹ má háyà ọkọ̀ kí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yín tó fọwọ́ sí i ní kíkọ. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, ẹ dá iye owó rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní kíkọ pẹ̀lú ẹni tó ni ọkọ̀, pàápàá bí ó bá bọ́ sí àsìkò Òjúde Ọba, nígbà tí ọkọ̀ ayálò máa ń wọ́n ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ fi tránsífà san án. Kí orúkọ yín, nọ́ńbà ọkọ̀, ọjọ́ tí ẹ gbé e àti ọjọ́ tí ẹ dá a padà wà lórí rìsíìtì. Ẹ yẹ nọ́ńbà ọkọ̀ náà wò lórí askniid.org bóyá ìnṣọ́ránsì rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ọkọ̀ àdáni tí wọ́n ń fi ṣe háyà léwu: bí ó bá ní jàǹbá, ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rẹ̀ lè kọ̀ láti sanwó, kí ẹrù náà sì bọ́ sí yín lọ́rùn.

Pááàtì tí wọ́n ń dúró dè láti Ládípọ̀, ọjà pááàtì ọkọ̀ ní Èkó, ló máa ń jẹ ọjọ́ run. Bí ó bá ti ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọjọ́ tí ìwé yín fún yín tó pé, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù tó sọ pááàtì tó ń fa ìdádúró àti ìgbà tí yóò dé, kí ẹ fi béèrè àfikún ọjọ́. Lẹ́yìn tí ọjọ́ bá ti tán, ó ṣòro.

Bí ẹlòmíràn ló kọlù yín ńkọ́? Ìnṣọ́ránsì third party tirẹ̀ lẹ ó lọ bá. Fún ọkọ̀ àdáni, ₦3,000,000 ni òpin owó dúkìá tó bàjẹ́. Wọ́n sábà máa ń fẹ́ san owó àtúnṣe nìkan. Ẹ kọ owó ọkọ̀ ayálò sínú lẹ́tà yín lọ́tọ̀, kí ẹ so rìsíìtì àti ìwé ṣọ́ọ̀bù mọ́ ọn. Bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, owó tí ẹ bá lè fi ẹ̀rí hàn náírà sí náírà nìkan ni adájọ́ yóò wò. Bí ilé-iṣẹ́ bá kàn ń fi ọ̀la dá yín lóhùn, ẹ kọ̀wé sí NAICOM, kí ẹ sì fi ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà tí ẹ ti kọ ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.