Bí a ṣe ń wá ìdí àjórẹ̀yìn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù lópin sáà: Tottenham, 2022/23

Tí ẹgbẹ́ kan bá ń jó àjórẹ̀yìn lópin sáà, ọjọ́ tí akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ ni gbogbo ènìyàn máa ń tọ́ka sí. Ọjọ́ yẹn kì í sábà jẹ́ ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́. Láti mọ èyí tó jẹ́ òótọ́, ohun tí ẹ nílò kò pọ̀: ìwé, bírò kan, pẹ́ńsùlù kan, èsì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38, àti gbólóhùn tí ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ fi síta, pẹ̀lú déètì wọn. Tottenham, ẹgbẹ́ kan nínú líìgì Premier League ilẹ̀ England, ti sáà 2022/23 dára fún un, torí ohun gbogbo tó máa ń da orí olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù rú ló wà níbẹ̀: akọ́nimọ̀ọ́gbá tó fi ìbínú sọ̀rọ̀, olùdarí tí wọ́n fòfin dè, alága tí àwọn èrò inú pápá ń pariwo lé lórí, àti 6-1 ní Newcastle.

Ẹ kọ́kọ́ pín sáà náà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ènìyàn á pín in sí méjì péré, kí wọ́n tó lé kóòṣì àti lẹ́yìn tí wọ́n lé e. Ẹ pín in sí mẹ́ta, kí ẹ sì fi ibi tí bọ́ọ̀lù ti dúró lóòótọ́ ṣe ààlà. Ní sáà yẹn, ìdíje Ife Àgbáyé ní Qatar ni ààlà àkọ́kọ́. Ààlà kejì ni 26 oṣù Kẹta ọdún 2023, ọjọ́ tí akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Antonio Conte, kúrò. (Ẹgbẹ́ ní àwọn jọ fẹnu kò ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ.) Ẹ wá fi iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pín pọ́ìǹtì. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 15 àkọ́kọ́ mú pọ́ìǹtì 29 wá, ìyẹn 1.93 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. 13 tó tẹ̀ lé e mú 20 wá, 1.54. 10 tó kẹ́yìn mú 11 péré wá, 1.10. Ẹ rí i pé ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ nígbà tí Conte ṣì wà lórí àga.

Ẹ má dúró síbẹ̀ o. Ẹ ya góòlù tí wọ́n gbá wọlé sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó wọ àwọ̀n tiwọn, torí ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ìpín àkọ́kọ́, wọ́n gbá 31 wọlé, 21 sì wọ àwọ̀n wọn. Ní ìpín kejì, 21 ni wọ́n gbá wọlé, 19 ló wọ àwọ̀n wọn. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ọwọ́ ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà rárá, láti 1.40 sí 1.46, ọwọ́ iwájú ló rọ, láti 2.07 sí 1.62. Ní ìpín kẹta, gbogbo rẹ̀ wá dorí kodò: wọ́n gbá 18 wọlé, èyí tó sàn díẹ̀ ju ti ìpín kejì lọ, àmọ́ 23 ló wọ àwọ̀n wọn láàárín ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 10. Àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá sọ pé ohun kan ṣoṣo ló ba Tottenham jẹ́ kò tíì ṣírò.

Tábìlì náà máa ń tan ènìyàn. Lọ́jọ́ tí Conte lọ, ipò kẹrin ni Tottenham wà pẹ̀lú pọ́ìǹtì 49, Newcastle sì wà lẹ́yìn wọn pẹ̀lú 47. Ṣùgbọ́n Tottenham ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 28, Newcastle ò tíì gbá ju 26 lọ. Ẹ pín in: 1.75 sí 1.81. Ipò kẹrin yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ wọn kí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó di ẹrù.

Ẹ wo àwọn tí wọ́n bá ta kàn án. Márùn-ún nínú mẹ́wàá tó kẹ́yìn jẹ́ ẹgbẹ́ tó parí sáà nínú méje àkọ́kọ́: Brighton, Newcastle, Manchester United, Liverpool àti Aston Villa. Pọ́ìǹtì 4 nínú 15 ni wọ́n rí gbà lọ́wọ́ wọn, èyí tí ènìyàn lè gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lọ́wọ́ Everton, Bournemouth, Crystal Palace, Brentford àti Leeds, 7 nínú 15 ni. Àwáwí pé alátakò le kò dúró mọ́. Ẹ tún ka pọ́ìǹtì tó bọ́ láti ìṣẹ́jú 90 síwájú. Southampton dọ́gba pẹ̀lú pẹ́nárìtì ní 18 oṣù Kẹta, 2 lọ. Everton dọ́gba, 2 lọ. Bournemouth gbá ti 3-2 wọlé, 1 lọ. Liverpool gbá ti 4-3 wọlé lẹ́yìn tí Tottenham ṣẹ̀ṣẹ̀ dọ́gba, 1 lọ. Mẹ́fà nìyẹn.

Ẹ wá fa ìlà sí àárín ojú ìwé mìíràn. Ọ̀tún ni ti pápá, òsì ni ti ọ́fíìsì. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wá lápá òsì ni ọjọ́ tí àdéhùn iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá máa parí. Ti Conte máa parí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, kò sì tọwọ́ bọ tuntun. Àwọn agbábọ́ọ̀lù náà mọ̀. Ta ló máa bẹ̀rù ẹni tó ti di ẹrù rẹ̀ tán? Sheffield United ti lé wọn jáde nínú FA Cup ní 1 oṣù Kẹta, Milan sì lé wọn jáde nínú Champions League ní ọjọ́ 8. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní Southampton, Conte pe àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ní onímọ̀-tara-ẹni-nìkan, ó sì fi kún un pé ó ti tó 20 ọdún tí àwọn tó ni ẹgbẹ́ ti wà níbẹ̀ láìgba ife. Ẹ fiyè sí ẹni tí akọ́nimọ̀ọ́gbá ń bá wí. Bó bá ń bá rẹfirí wí, ó ṣì fẹ́ dúró. Bó bá ń bá onílé wí, ó ti ń wá ọ̀nà ilé.

Daniel Levy, tó jẹ́ alága nígbà náà láti ọdún 2001, fi Cristian Stellini, igbákejì Conte fúnra rẹ̀, sípò. Ọ̀gá lọ, ọ̀nà rẹ̀ kù sẹ́yìn. Ní 29 oṣù Kẹta, FIFA sọ ìfòfindè tí wọ́n ti fún Fabio Paratici, olùdarí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ní Ítálì torí ọ̀ràn ìwé ìṣirò Juventus di ti gbogbo àgbáyé. Ó fipò sílẹ̀ ní 21 oṣù Kẹrin. Ní ọjọ́ 23, Newcastle fi 6-1 lù wọ́n. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà: wọ́n á so méjèèjì pọ̀. Ẹ padà wo ọ̀tún. Ọjọ́ 15 ni Bournemouth ti lù wọ́n nílé, kí Paratici tó lọ. Ohun tó yí padà ní Newcastle ni pé Stellini fi adílémú mẹ́rin síwájú aṣọ́lé dípò mẹ́ta tí wọ́n ti mọ́ lára, góòlù márùn-ún sì ti wọlé láàárín ìṣẹ́jú 21. Ọjọ́ kejì ni wọ́n lé e. Levy jáde sọ pé òun gan-an ni ẹrù náà kàn.

Fún ẹni tó fara pa àti ẹni tó ṣàìsàn, ẹ ṣí ìlà kẹta. Agbábọ́ọ̀lù wọn, Rodrigo Bentancur, ṣèṣe ní orúnkún ní Leicester ní 11 oṣù Kejì. Wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ àpò òróòro fún Conte lóṣù kan náà. Ìròyìn tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹnì kan tó sún mọ́ ẹgbẹ́ sọ pé", pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ ọ́.

Ìparí rẹ̀: ipò kẹjọ, pọ́ìǹtì 60. Aston Villa gba ipò keje pẹ̀lú 61, wọ́n sì lọ sí ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹ fi ojú ìwé kan sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, torí ohun tí ọ́fíìsì gbà pé ó bàjẹ́ máa ń hàn nínú ẹni tí wọ́n mú wá àti ẹni tí wọ́n jẹ́ kó lọ. Ní oṣù Kẹfà, wọ́n mú Ange Postecoglou wá ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹni tó fẹ́ràn kí ẹgbẹ́ rẹ̀ máa gbá bọ́ọ̀lù síwájú. Ní oṣù Kẹjọ, Harry Kane, tó gbá 30 nínú góòlù 70 wọn wọlé tí àdéhùn rẹ̀ sì ku ọdún kan, lọ sí Bayern Munich.