Iná ọkọ̀ tó ń dá tàn, tó tún ń dá kú: bí a ṣe ń wá ohun tó ń ṣe é

Ọkọ̀ tòkúnbọ̀ tí wọ́n kọ AUTO sára súìṣì iná rẹ̀ ti pọ̀ nígboro. Bílẹ̀ bá ti ń ṣú, iná iwájú á tàn láìjẹ́ pé awakọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Wàhálà ibẹ̀ ni kó tàn lónìí, kó má tàn lọ́la, tàbí kó ṣàdéédéé kú lórí eré lálẹ́. Ohun tí ẹ sábà máa kọ́kọ́ gbọ́ lọ́dọ̀ rìwáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ni pé sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ojú kékeré tó ń mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti ṣú, ló ti lọ, ẹ lọ wá òmíràn ní Ládípò, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ l'Ékòó. Ẹ má tíì yọwó. Àyẹ̀wò tó máa fi hàn bóyá sẹ́ńsọ̀ ló lẹ́bi, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ yí súìṣì kúrò lórí AUTO, ẹ gbé e sórí àwòrán iná iwájú, kí ẹ sì máa wa ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún alẹ́ mélòó kan. Bí iná bá dúró dáadáa, gílóòbù, fíúsì àti wáyà tó lọ síwájú kò lẹ́bi. Apá AUTO ni ká dojú kọ. Bó bá ṣì ń kú lórí tọwọ́, ẹ fi sẹ́ńsọ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló ń kú, gílóòbù ojú yẹn àti ibi tí wáyà ti wọ ìdí rẹ̀ ni kí ẹ tú wò.

Kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni àìsàn. Bí iná bá tàn nígbà tí ẹ wọ abẹ́ bíríìjì Ojúẹlẹ́gba, tàbí tí òjò ṣú dùdù lọ́sàn-án, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ó máa ń dúró díẹ̀ kó tó tàn, àti kó tó kú, kí òjìji igi má bàa máa tàn án jẹ.

Ó wá ku sẹ́ńsọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, orí dáṣíbọ́ọ̀dù ló wà, nídìí gíláàsì iwájú: nǹkan dúdú roboto kan tó yọrí díẹ̀, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, ẹ̀yìn dígí àárín ló máa ń wà, lára gíláàsì. Bí wọ́n bá pààrọ̀ gíláàsì tí wọn ò lẹ̀ ẹ́ padà dáadáa, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Ẹ kó tíṣù, Bíbélì, tẹ̀súbáà àti kápẹ́ẹ̀tì onírun kúrò lórí ibẹ̀, ẹ nu ojú rẹ̀ àti inú gíláàsì. Ẹni tó lẹ tíńtì mọ́ gíláàsì iwájú kò gbọdọ̀ yà á lẹ́nu bí iná bá ń tàn ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án gangan, ẹ páàkì sí gbangba, ẹ tan ọkọ̀, ẹ gbé súìṣì sí AUTO. Ẹ ṣẹ́ aṣọ dúdú tó nípọn po, ẹ fi bo sẹ́ńsọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ nìkan kò tó, ìmọ́lẹ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Bí ẹ bá rí roboto méjì, ẹ bo méjèèjì. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó yẹ kí iná tàn. Bí ẹ bá ṣí i, kó kú lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ẹ tún un ṣe nígbà tí oòrùn ti gbóná dáṣíbọ́ọ̀dù, torí àìsàn tó ń lọ tó ń bọ̀ kì í sábà jáde nígbà tí gbogbo nǹkan tutù.

Bí kò bá tàn, ẹ rọra mi ọwọ́ súìṣì náà lórí AUTO. Iná tó bá ṣẹ́jú nígbà yẹn, súìṣì ló ti jẹ nínú. Bí kò ṣẹ́jú, ẹ paná ọkọ̀, ẹ fi ike pẹlẹbẹ yọ sẹ́ńsọ̀ sókè, ẹ jìnnà sí ojú ibi tí wọ́n kọ AIRBAG sí. Ẹ di wáyà abẹ́ rẹ̀ mú, ẹ fi táàpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kí ẹ tó fà á yọ: bó bá já bọ́ sínú, títú dáṣíbọ́ọ̀dù ló kù. Ẹ wo ẹnu irin tín-ín-rín inú rẹ̀. Bó bá ti dípẹtà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ti wáyà padà kó le, ẹ tún dán an wò. Ó dìgbà tí èyí bá kùnà kí ẹ tó ronú sẹ́ńsọ̀ mìíràn.

Fún ẹni tí ojú méjèèjì tiẹ̀ ń kú lórí tọwọ́ pàápàá, rílé, súìṣì kékeré tó ń gbé iná lọ sí iná iwájú, ni kó kọ́kọ́ wò. Ẹ fi ọ̀kan tí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá tirẹ̀ mu pààrọ̀ rẹ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, ti fèrè máa ń bá a mu. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ tú nọ́ọ̀tì wáyà ẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dè mọ́ irin ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná iwájú, ẹ fi sáńpépà ha ìpẹtà rẹ̀, ẹ dè é padà kó le. Orí bátìrì tó ti hu ìyẹ̀fun funfun náà, ẹ fọ̀ ọ́. Lórí mítà tí rìwáyà fi ń wọn iná, bátìrì tó dáa máa ń fi bíi fóòtì 12.6 hàn nígbà tí ọkọ̀ kú, àti láàárín 13.5 sí 14.5 nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá sì ti yọ gílóòbù tó bá ọkọ̀ wá tí ẹ fi LED rọ́pò rẹ̀, ẹ dá ti àkọ́kọ́ padà kí ẹ wò ó ná. Èmi kì í tiẹ̀ dá LED olówó pọ́ọ́kú láre.

Bí gbogbo èyí bá já sí pàbó, ó ku kọ̀ǹpútà tó ń darí iná. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ tí rìwáyà fẹ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò lè ka apá ara ọkọ̀, níbi tí kọ̀ǹpútà iná yìí wà, torí ọ̀pọ̀ èyí tó pọ́ọ́kú, ti ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń kà. Kó tó dìgbà náà, ẹ máa lo iná tọwọ́, kí ẹ sì máa pa á bí ẹ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀.