Bí Mo Ṣe Sọ Oúnjẹ Tó Ṣẹ́kù Lẹ́yìn Àlejò Di Oúnjẹ Tuntun

Nínú ilé tí iná mànàmáná ti ń lọ tó ń bọ̀, alẹ́ ọjọ́ tí oúnjẹ ṣẹ́kù gan-an ni a ti ń mọ̀ bóyá yóò tún ṣeé jẹ tàbí ààtàn ni yóò gbà lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ìkòkò sílẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí wọ́n tó wá ṣí i, kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀, kí wọ́n sì máa bi ara wọn bóyá ó ti kan tàbí kò tíì kan, nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú tí àwọn mọ̀lẹ́bí ọkọ mi wá kí wa nílé wa n'Íbàdàn, tí oúnjẹ sì pọ̀ ju ẹnu tó jẹ ẹ́ lọ, mo pinnu pé n kò ní sùn kí n tó ya ohun gbogbo sọ́tọ̀.

Ohun tó ṣẹ́kù ni ìrẹsì funfun, iṣu sísè, ẹ̀wà tí mo sè láìfi ata sí, mọ́ínmọ́ín díẹ̀, ọbẹ̀ ata pẹ̀lú ẹran, àti sàláàdì. Sàláàdì ni mo kọ́kọ́ gbé kúrò. Wọ́n ti po mayonnaise mọ́ ọn, ó sì ti wà lórí tábìlì láti ọ̀sán nínú ooru. Ìyá ọkọ mi rí mi, wọ́n ní, "Ìyá Táyé, ṣé o fẹ́ da gbogbo èyí nù ni?" Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá, owó rẹ̀ dùn mí, ṣùgbọ́n owó ilé ìwòsàn pọ̀ jù ú lọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bá mi kó abọ́. Oúnjẹ tó ti dé inú àwo ẹnikẹ́ni pàápàá, n kò kà á mọ́ ohun tí mo fẹ́ tọ́jú.

Ìrẹsì ni mo fi ọ̀wọ̀ fún jù, nítorí òun ni àwọn ènìyàn fojú kéré jù. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bacillus cereus, èyí tí irúgbìn rẹ̀ lè sùn sínú ìrẹsì, tí omi híhó kò sì ní pa á. Bí ìrẹsì náà bá wá jókòó ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kòkòrò náà yóò jí, yóò máa bí sí i, yóò sì máa tú májèlé sínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yíyá ìrẹsì lórí iná lẹ́yìn náà kò lè mú májèlé yẹn kúrò. Èyí tó wà nínú kúlà ṣì ń gbóná débi tí kò ṣeé fọwọ́ bọ̀, nítorí náà mo dà á sórí tíréè fífẹ̀, mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, mo sì gbé e sábẹ́ fáànù títí ooru rẹ̀ fi lọ. Kò pé wákàtí kan tí mo fi gbé e wọ inú fíríìjì. Nítorí pé n kò lè gbẹ́kẹ̀ lé iná, mo ti to àwọn ìgò omi dídì yí ibi tí oúnjẹ wà ká, a sì tan jẹnẹrétọ̀ díẹ̀ kí a tó sùn.

Ọbẹ̀ ata ni mo gbé kaná títí ó fi hó dáadáa. Mo wá pín in sínú abọ́ kéékèèké, mo gbé àwọn abọ́ náà sínú omi tútù kí wọ́n tètè tutù, mo sì kó wọn sínú fírísà. Àwọn ìyá wa máa ń yá ìkòkò ọbẹ̀ kan náà láàárọ̀ àti lálẹ́, ọgbọ́n yẹn sì gbà wọ́n là kí fíríìjì tó dé, àmọ́ lójú tèmi, ẹran a máa rọ̀ jù nínú rẹ̀, ata náà a sì pàdánù adùn. Ẹ̀wà náà wọ inú fírísà lọ pẹ̀lú ọbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, iṣu ló kàn. Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé òun lè gún iṣu tó ti tutù mọ́jú ní iyán, kókó ni yóò bá nínú odó, nítorí pé iṣu a máa le bó bá ti tutù. Líle yẹn gan-an ni mo nílò. Mo gé e ní gígùn bí ìka ọwọ́, kò sì fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ bí iṣu gbígbóná ṣe máa ń fọ́. Mo po ẹyin pẹ̀lú ata gígún, àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ àti iyọ̀, mo rì í sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì dín in nínú òróró tó gbóná dáadáa títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi pọ́n. Àwọn ọmọ gbé e lọ sílé ìwé. Bàbá wọn gba mọ́ínmọ́ín tí mo gé tí mo sì dín, ó fi mu ògì.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìrẹsì di ìrẹsì elépo. Mo fi omi ra ọwọ́ kí n lè tú u sílẹ̀ hóróhóró, nítorí pé ìrẹsì tútù máa ń dì mọ́ra. Lẹ́yìn náà ni mo yọ́ epo pupa díẹ̀ lórí iná, mo da ata rodo àti àlùbọ́sà tí mo gún sí i, mo fi irú, edé àti ẹja gbígbẹ sí i, mo sì jẹ́ kí omi ata gbẹ pátápátá kí n tó da ìrẹsì lé e. Kókó iṣẹ́ náà nìyẹn, torí bí omi bá ṣì wà nínú ata, ìrẹsì tó ti jinná tẹ́lẹ̀ yóò di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Mo yí i pọ̀ títí gbogbo rẹ̀ fi gbóná gidigidi, mo sì já ẹ̀fínrín sí i kí n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la jẹ àbùlà. Mo gbé ẹ̀wà kaná pẹ̀lú omi díẹ̀ títí ó fi rọ̀ púpọ̀, mo sì fi ẹ̀yìn ìgbákọ rà á lórí asẹ́ kí èèpo lè kù sókè. Ẹ̀wà tí a ti bó èèpo rẹ̀ ni a sábà máa ń fi sè gbẹ̀gìrì, nítorí náà tèmi dúdú díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ata, irú àti epo pupa sí i, tí mo sì jẹ́ kí ó hó títí ó fi ki, kò sẹ́ni tó béèrè ibi tó ti wá. Ọbẹ̀ ata àti ẹran ọjọ́ Àìkú ti wà nílẹ̀. Ewédú nìkan ni mo rà tí mo sì já, mo ro àmàlà gbígbóná, gbogbo wa sì jókòó tì í. Gbẹ̀gìrì díẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ ìkòkò ni mo dà nù lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí pé n kì í tún oúnjẹ yá bí mo bá ti gbé e jáde láti inú fírísà tí mo sì yá a lẹ́ẹ̀kan.